Áàpù Tí Kò Ṣeé Yọ Lórí Fóònù Tuntun: Ṣé Amí Ni Wọ́n?

Ìbéèrè tó dé ọwọ́ mi nìyí: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra fóònù Android tuntun ní oṣù tó kọjá. Kí n tó fi ohunkóhun sí i ni mo ti bá áàpù bíi mẹ́wàá lórí rẹ̀ tí n kò bẹ̀rẹ̀ fún: Facebook, géèmù kan, èyí tó ń fi ìròyìn hàn, àti àwọn kan tí n kò tilẹ̀ mọ iṣẹ́ wọn. Nígbà tí mo fẹ́ pa wọ́n rẹ́, mẹ́fà lọ, ṣùgbọ́n mẹ́rin kò ní ‘Uninstall’ rárá, ‘Disable’ nìkan ni mo rí. Mo nu gbogbo fóònù náà bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, wọ́n tún wà níbẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin ní amí ni wọ́n, pé wọ́n ń gbọ́ ohun tí mo ń sọ nínú ilé, ó sì ní òun yóò bá mi ‘root’ rẹ̀, ìyẹn ni pé òun yóò gba àṣẹ tó ga jù lọ lórí fóònù náà kí òun lè yọ ohunkóhun tó bá wù òun. Orí fóònù yìí ni mo ti ń lo áàpù báńkì. Ṣé òótọ́ ni àbúrò mi sọ? Ṣé Disable yẹn ń ṣe iṣẹ́ kankan? Àbí kí n kúkú ta fóònù náà?”

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé, ẹ sì ṣeun tí ẹ kò tíì jẹ́ kí àbúrò yín fọwọ́ kan fóònù náà kí ẹ tó béèrè. Bí mo ṣe ka ọ̀rọ̀ yín, nǹkan mẹ́ta ló lọ́ mọ́ra wọn níbẹ̀. Èkíní ni ẹ̀tọ́: ẹ fi owó yín ra nǹkan, ó wá dà bí ẹni pé ẹlòmíràn ṣì mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dání. Èkejì ni ìbẹ̀rù pé ohun tí kò bá ti ṣeé yọ, amí ni. Ẹ̀kẹta ni ohun tí ẹ lè ṣe tí kò ní kó bá áàpù báńkì yín. Àbúrò yín ti so èkíní mọ́ èkejì, ibẹ̀ gan-an ni èmi àti òun ti máa pínyà. Pé áàpù kan kò ṣeé yọ kò sọ ọ́ di amí. Pé òmíràn ṣeé yọ kò sì sọ ọ́ di ẹni mímọ́. Ohun tó yẹ kí ojú wa wà lára rẹ̀ ni agbára tí wọ́n fún áàpù náà àti ẹni tó fún un.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí nínù tí ẹ nu fóònù tí wọ́n sì tún wà níbẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń rò pé nǹkan abàmì kan wà nínú rẹ̀. Ibi ìpamọ́ inú fóònù kì í ṣe yàrá kan ṣoṣo. Yàrá kan wà tó jẹ́ ti sístẹ́ẹ̀mù, níbi tí Android fúnra rẹ̀ ń gbé. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe fóònù ló kó ẹrù síbẹ̀, wọ́n sì tì í débi pé fóònù lè ka ohun tó wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n kò lè kọ nǹkan sí i, kò sì lè pa nǹkan rẹ́ nínú rẹ̀. Yàrá kejì ni tiyín: fọ́tò, àtẹ̀jíṣẹ́, àti áàpù tí ẹ fọwọ́ ara yín gbé wọlé. Nígbà tí ẹ bá ní kí fóònù padà sí bó ṣe wà nígbà tó jáde, yàrá tiyín nìkan ni wọ́n ń gbá. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn fi ọṣẹ fọ ojú tó kọlà: àtíkè á lọ, ìlà á kù. Àwọn áàpù mẹ́fà tó lọ, yàrá tiyín ni wọ́n wà. Àwọn mẹ́rin tó kù, yàrá tí a tì ni. Bí ẹ bá sì rí i pé àwọn mẹ́fà yẹn náà tún yọjú lẹ́yìn tí ẹ nu ú, áàpù kan tó ń gbé inú yàrá sístẹ́ẹ̀mù ló lọ gbé wọn wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tí ẹ ń tún fóònù tò. Ìdí kan náà ló fà á tí ẹ fi máa ń rí “Uninstall updates” lára àwọn kan: ẹ̀dà tuntun tó wà ní yàrá yín ni ẹ lè yọ, ẹ̀dà àtijọ́ inú yàrá tí a tì á jókòó síbẹ̀.

Kí ló dé tí wọ́n fi kó wọn síbẹ̀? Àwọn kan wà tí fóònù kò lè ṣe láìsí wọn: èyí tó ń pe ìpè, èyí tó ń to ojú fóònù, kíbọ́ọ̀dù, èyí tó ń gba àtúnṣe láti ilé-iṣẹ́. Bí wọ́n bá jẹ́ kí wọ́n ṣeé yọ, ẹnì kan á yọ ọ́ lóru ọjọ́ kan, ilẹ̀ á sì mọ́ bá fóònù tí kò lè pe ẹnikẹ́ni. Àwọn yòókù, owó ló gbé wọn wá. Èrè orí fóònù olówó pọ́ọ́kú kò tó nǹkan, nítorí náà ilé-iṣẹ́ tó ṣe é a máa ta àyè orí rẹ̀ fún àwọn tó ni áàpù, gẹ́gẹ́ bí onílé ṣe ń ta ara ògiri rẹ̀ fún olùpolówó ọjà. Ti Google tún ní ọ̀nà tirẹ̀. Ní oṣù keje 2018, European Commission, àjọ tó ń ṣàkóso Ìṣọ̀kan Yúróòpù, bu owó ìtanràn bílíọ̀nù 4.34 yúrò lé e lórí, ilé-ẹjọ́ sì dín in kù sí bílíọ̀nù 4.125 ní 2022. Lára ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lẹ́sẹ̀ ni pé ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ kí Play Store wà lórí fóònù tí òun ṣe gbọ́dọ̀ fi áàpù ìṣàwárí Google àti Chrome sí i pẹ̀lú. Ẹ má bínú sí ẹni tó ta fóònù fún yín. Àdéhùn yìí ti parí kí wọ́n tó to fóònù náà pọ̀.

Ọ̀rọ̀ wá kan Disable, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí ẹ̀tàn. Kì í ṣe ẹ̀tàn. Áàpù tí ẹ bá ṣe Disable fún, fáìlì rẹ̀ ṣì wà nínú yàrá tí a tì, ṣùgbọ́n Android kò ní jí i mọ́. Kò ní dìde nígbà tí ẹ bá tan fóònù, kò ní mọ̀ pé íntánẹ́ẹ̀tì dé, àmì rẹ̀ á kúrò lójú fóònù, kò sì ní gba àtúnṣe. Ẹ má ṣe pa á pọ̀ mọ́ “Force stop”, èyí tó kàn ń ti áàpù ṣubú fún ìgbà díẹ̀ kí òmíràn tó tún pè é dìde. Ní oṣù kìíní 2019, ilé-iṣẹ́ ìròyìn Bloomberg gbé e jáde pé àwọn tó ń lo fóònù Samsung kan kò lè pa Facebook rẹ́ lórí rẹ̀, Disable nìkan ni wọ́n rí, bíi tiyín gẹ́lẹ́. Èsì tí Facebook fọ̀ nígbà náà ni pé áàpù tí a ti ṣe Disable fún dà bí èyí tí a ti pa rẹ́, kò ní kó dátà mọ́. Bí ẹ bá ní ẹnu oníǹkan ni ẹ ò gbàgbọ́, ẹ kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n bí Android ṣe ń ṣiṣẹ́ gbè é lẹ́sẹ̀.

Mo ti dán an wò fúnra mi. Ìgbà kan wà tí mo mú fóònù kan tó ní áàpù ìròyìn tí kò ṣeé yọ, mo so ó mọ́ Wi-Fi tó ń gba inú kọ̀ǹpútà mi kọjá kí ó tó dé íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì fi ojú rẹ̀ dé tábìlì, mo lọ sùn. Kọ̀ǹpútà ń kọ orúkọ gbogbo ibi tí fóònù ń kàn sí sílẹ̀, ìlà kan tẹ̀lé òmíràn. Nígbà tí mo jí, orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ni áàpù ìròyìn yẹn wà níbẹ̀ léraléra, bẹ́ẹ̀ n kò ṣí i rí, n kò sì gbà sí ìwé àdéhùn rẹ̀. Mo ṣe Disable fún un, mo tún ṣe bákan náà lálẹ́ ọjọ́ kejì. Orúkọ náà dín kù, ṣùgbọ́n kò tán! Ó rú mi lójú títí mo fi wo inú sẹ́tíńgì dáadáa, tí mo tẹ “Show system”, tí mo wá rí ìkejì rẹ̀ tí kò ní àmì lójú fóònù rárá. Ìgbà tí mo pa ìyẹn náà ni ìwé kọ̀ǹpútà mi tó mọ́.

Ohun tí mo rí yẹn kì í ṣe ti áàpù ìròyìn nìkan. Ẹ wo Facebook tó wà lórí fóònù yín. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù tí Facebook bá wá, kì í dá wá. Àwọn mẹ́ta mìíràn a máa bá a rìn, tí sístẹ́ẹ̀mù mọ orúkọ wọn sí com.facebook.appmanager, com.facebook.services àti com.facebook.system. Wọn kò ní ojú tí ẹ lè ṣí. Iṣẹ́ wọn ni láti gbé áàpù náà wọlé àti láti máa tún un ṣe. Ẹni tó pa èyí tó ní àmì tí kò pa àwọn mẹ́ta yìí ti ti ilẹ̀kùn iwájú, ó fi ti ẹ̀yìnkùlé sílẹ̀. Nítorí náà, ẹ lọ sínú sẹ́tíńgì, ẹ wọ Apps, ẹ jẹ́ kí ó fi ti sístẹ́ẹ̀mù hàn, kí ẹ sì wá àwọn tó jọ ara wọn lórúkọ. Ibi tí agbára Disable pin sí náà rèé: àtúnṣe ńlá láti ilé-iṣẹ́ lè tún jí áàpù tí ẹ ti pa, àwọn kan sì wà tí Disable wọn ti ṣá tí kò ṣeé tẹ̀.

Ṣé wọ́n ń gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ nínú ilé? Nínú gbogbo iṣẹ́ tí mo ti ṣe, n kò rí ẹ̀rí pé áàpù tó bá fóònù wá ń gba ohùn sílẹ̀ tọ̀sán-tòru láti fi polówó ọjà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyẹn ni gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ ń bi mí. Gbígba ohùn bẹ́ẹ̀ á jẹ bátìrì, á jẹ dátà, á sì ní ipa tí a lè tọ̀. Láti Android 12, tó jáde ní 2021, àmì róbótó aláwọ̀ ewé kan máa ń tàn lókè ojú fóònù bí áàpù bá ń lo máíkì tàbí kámẹ́rà, ibì kan tí wọ́n ń pè ní Privacy dashboard sì wà nínú sẹ́tíńgì tó ń sọ áàpù tó lo máíkì, kámẹ́rà tàbí ibi tí ẹ wà láàárín wákàtí 24 tó kọjá. Ẹ wò ó ní alẹ́ òní. Wọn kò nílò ohùn yín. Nọ́ńbà ìpolówó tó dá fóònù yín mọ̀, orúkọ àwọn áàpù tí ẹ ní, àsìkò tí ẹ ń ṣí wọn, irú fóònù tí ẹ ń lò àti àdúgbò tí ẹ wà ti tó láti mọ púpọ̀ nípa yín. Ẹni tó bá mọ̀ pé áàpù àdúrà, áàpù oyún àti áàpù báńkì kan wà lórí fóònù kan náà ti mọ ohun tí ẹ kò sọ fún aládùúgbò yín.

Kí ẹ lè mọ bí ó ti pọ̀ tó: ní 2021, Ọ̀jọ̀gbọ́n Douglas Leith ti Trinity College ní Dublin wọn ohun tí fóònù Google Pixel àti iPhone ń fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ tó ni wọ́n nígbà tí ẹnikẹ́ni kò lò wọ́n. Ó bá a pé, bí a bá pín in dọ́gba, ìṣẹ́jú mẹ́rin àti ààbọ̀ kò ní kọjá kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó tún fi nǹkan ránṣẹ́. Ẹ ṣàkíyèsí pé iPhone wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún yín pé kí ẹ lọ ra ìyẹn kí ọ̀rọ̀ tán kò tíì sọ gbogbo rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà, òun àti àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Edinburgh tún wo fóònù Samsung, Xiaomi, Huawei àti Realme. Wọ́n rí i pé dátà kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe fóònù nìkan ló ń lọ. Ó tún ń lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Google, Microsoft, LinkedIn àti Facebook tí áàpù wọn bá fóònù jáde. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n yẹ̀ wò, irú Android kan tí wọ́n ń pè ní /e/OS nìkan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ má fi nǹkan kan ránṣẹ́.

Síbẹ̀, n kò ní kí àbúrò yín máa sùn fọnfọn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Àwọn áàpù mẹ́rin tí ẹ rí yẹn kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Àwọn tí ẹ kò rí ni. Inú yàrá sístẹ́ẹ̀mù ní ibì kan tí áàpù tó bá wà níbẹ̀ ti ń gba àṣẹ tí áàpù láti Play Store kò lè gbà láéláé: kí ó gbé áàpù mìíràn wọlé láìbéèrè lọ́wọ́ yín, kí ó ka àkọsílẹ̀ ohun tí fóònù ń ṣe, kí ó yí sẹ́tíńgì padà. Àwọn àṣẹ wọ̀nyí kì í sí lára èyí tí fóònù máa ń fi bi yín pé “Ṣé kí n gbà?”, nítorí pé ilé-iṣẹ́ ti gbà á fún yín. Ní oṣù kọkànlá 2016, ilé-iṣẹ́ aláàbò kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Kryptowire rí i pé áàpù tó yẹ kó máa gba àtúnṣe fún àwọn fóònù olówó pọ́ọ́kú kan, lára wọn BLU R1 HD, tí ilé-iṣẹ́ Adups ní Ṣáínà ṣe, ń kó odindi ọ̀rọ̀ inú àtẹ̀jíṣẹ́, àkọsílẹ̀ ìpè àti orúkọ àwọn ojúlùmọ̀ onífóònù, ó sì ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí Ṣáínà ní wákàtí 72 sí 72. BLU fúnra wọn sọ pé bíi fóònù 120,000 ni ó kàn nínú tiwọn. Áàpù yẹn kò ní àmì, kò ní orúkọ tí ẹnikẹ́ni lè fura sí. Ní 2018 ni FTC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà nílẹ̀ Amẹ́ríkà, bá BLU parí ẹjọ́ náà.

Nígbà mìíràn, ẹni tó ṣe fóònù pàápàá kò mọ̀. Ní 2019, Google jẹ́wọ́ pé kòkòrò kan tó ń jẹ́ Triada ti wọ inú sístẹ́ẹ̀mù àwọn fóònù kan kí wọ́n tó kúrò nílé-iṣẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ilé-iṣẹ́ tó ṣe fóònù gbé iṣẹ́ díẹ̀ fún alágbàṣe pé kí ó bá àwọn fi ohun kan kún un, alágbàṣe yẹn ló sì fi kòkòrò náà sí i. Àwọn olùwádìí kan gbé iṣẹ́ ńlá jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí: wọ́n kó áàpù tó lé ní 82,000 jọ láti orí fóònù tó lé ní 1,700 tí àwọn ilé-iṣẹ́ 214 ṣe, wọ́n sì rí i pé ó ṣòro láti sọ ẹni tó ni ọ̀pọ̀ nínú wọn gan-an, nítorí pé ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fi tọwọ́ bọ áàpù kì í sábà sọ òótọ́ orúkọ ẹni tó ṣe é. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n máa sọ pé ẹni tó ni agbára ni kí a máa wá. Bí mo bá mọ̀ ọ́n, mo mọ ẹni tí màá mú. Bí n kò bá mọ̀ ọ́n, n kò mọ ẹni tí màá bi pé kí ló ń fi orúkọ ojúlùmọ̀ mi ṣe.

Àríyànjiyàn tó wáyé lórí AppCloud, áàpù kan tó ń bá àwọn fóònù Samsung kan wá, fi èyí hàn. Ní 2025, ẹgbẹ́ SMEX tó ń jà fún ẹ̀tọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì láti Lẹ́bánónì kọ lẹ́tà gbangba sí Samsung pé áàpù yìí wà lórí fóònù Galaxy A àti M tí wọ́n ń tà ní Ìwọ̀-Oòrùn Éṣíà àti Àríwá Áfíríkà, pé kò rọrùn láti yọ, àti pé oníbàárà kò mọ ohun tó gbà sí. Ilé-iṣẹ́ IronSource tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ísírẹ́lì ló ṣe é, ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ń jẹ́ Unity sì ti rà á ní 2022. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń pe AppCloud ní ohun èlò amí ogun. Èmi kò ní gùn ún débẹ̀: ohun tó hàn gbangba nípa rẹ̀ ni pé ó ń dábàá áàpù fún oníbàárà, ó sì ń gbé e wọlé. Ṣùgbọ́n áàpù tó lágbára láti gbé áàpù mìíràn wọlé, tí kò sì ṣeé yọ, ẹ̀tọ́ ni kí ènìyàn béèrè ìwé àdéhùn rẹ̀.

Òfin ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, kì í sì í ṣe ọ̀nà kan náà ni gbogbo ìjọba ń gbà. Gúúsù Kòríà ti ní láti 2014 pé kí áàpù tí kò pọn dandan máa ṣeé yọ. Ní Yúróòpù, òfin Digital Markets Act, tó bẹ̀rẹ̀ sí í mú Google àti Apple láti oṣù kẹta 2024, ní kí wọ́n jẹ́ kí oníbàárà lè yọ áàpù tó bá sístẹ́ẹ̀mù wọn wá ní ìrọ̀rùn, àyàfi èyí tí fóònù kò lè ṣe láìsí rẹ̀. Rọ́ṣíà ní tirẹ̀ gba ọ̀nà òdìkejì: láti oṣù kẹrin 2021, dandan ni kí áàpù ilẹ̀ Rọ́ṣíà wà lórí fóònù tuntun tí wọ́n bá tà níbẹ̀. Ìjọba Íńdíà náà fẹ́ ṣe irú rẹ̀ ní ìparí 2025 pẹ̀lú áàpù Sanchar Saathi, ariwo sọ, wọ́n sì gbé ọwọ́ kúrò láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ariwo máa ń ṣiṣẹ́ ju bí a ti rò lọ.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí fóònù ọwọ́ yín. Lẹ́yìn Disable, iṣẹ́ tó kàn ni àṣẹ. Nínú sẹ́tíńgì, ẹ ṣí Permission manager, kí ẹ wo máíkì, kámẹ́rà, ibi tí ẹ wà, àtẹ̀jíṣẹ́ àti orúkọ ojúlùmọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ máa bi ara yín léèrè bóyá áàpù tí ẹ rí níbẹ̀ nílò rẹ̀ fún iṣẹ́ tó ń ṣe. Ẹ̀rọ ìṣirò kò nílò láti mọ ibi tí ẹ wà. Ẹ gba àṣẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí nǹkan bá dúró, ẹ lè dá a padà, kò sí ohun tó máa bàjẹ́. Ẹ tún lọ síbi tí Google ti ń ṣètò ìpolówó nínú sẹ́tíńgì, kí ẹ pa nọ́ńbà ìpolówó yín rẹ́. Ó lè gbà yín ní ìdajì wákàtí, ó sì ṣe àǹfààní ju ohun tí àbúrò yín fẹ́ ṣe lọ.

Ọ̀nà kan wà tó lágbára ju Disable lọ tí kò sì dé ibi root. Wọ́n ń fi wáyà so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n á tẹ Build number lẹ́ẹ̀méje nínú sẹ́tíńgì kí Developer options tó yọjú, wọ́n á gba USB debugging láàyè, lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi irinṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní adb kọ àṣẹ “pm uninstall --user 0” àti orúkọ tí sístẹ́ẹ̀mù mọ áàpù náà sí. Fáìlì rẹ̀ á ṣì wà nínú yàrá tí a tì, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń lo fóònù kò ní ní i mọ́, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀pọ̀ èyí tí Disable wọn kò ṣeé tẹ̀. Bí ẹ bá nu fóònù, wọ́n á padà. Ewu rẹ̀ ni pé kò ní kọ ohunkóhun fún yín. Ọkùnrin kan gbé fóònù wá bá mi nígbà kan. Ó ti rí àkọsílẹ̀ áàpù tí wọ́n ní ó dára láti yọ, ó yọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú èyí tó ń to ojú fóònù. Ó ń tan, ó ń fi orúkọ ilé-iṣẹ́ hàn, ó ń kú, ó tún ń tan. Kò sí ohun tí mo lè ṣe ju kí n nu ú pátápátá, fọ́tò ọmọ rẹ̀ sì bá a lọ nítorí pé kò ní ẹ̀dà wọn níbòmíràn.

Ní ti root, ẹ sọ fún àbúrò yín pé mo ní rárá. Kí ó tó lè ṣe é, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣí bootloader, ìyẹn ètò tó ń jí sístẹ́ẹ̀mù nígbà tí ẹ bá tan fóònù, ṣíṣí rẹ̀ sì máa nu gbogbo ohun tó wà lórí fóònù. Bí ó bá ti ṣí i, áàbò tó ń rí i pé ẹnì kan kò yí sístẹ́ẹ̀mù padà ti wó, áàpù báńkì sì máa ń béèrè nípa áàbò yẹn kí ó tó ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ṣí mọ́. Lórí fóònù Samsung, àmì kan tó ń jẹ́ Knox á já, kò sì sí ọ̀nà láti so ó padà títí láé. Áàpù tó bá wá gba àṣẹ root lọ́wọ́ yín láìmọ̀ á lágbára ju àwọn mẹ́rin tí ẹ ń sá fún lọ fíìfíì. Àwọn kan wà tó yẹ kó ṣe é, mo ti ṣe é lórí fóònù àtijọ́ tí mo fi ń ṣèdánwò. Fóònù tí owó yín wà lórí rẹ̀ kọ́ ni ẹ ó fi kọ́ ọ.

Ẹ má ta fóònù náà. Èyí tí ẹ bá fi rọ́pò rẹ̀ á gbé tirẹ̀ wá. Ohun tó máa mú kí n yí ohùn padà ni bí ìpolówó ọjà bá ń yọ bo ojú fóònù nígbà tí ẹ kò ṣí áàpù kankan, bí áàpù tuntun bá ń wọlé fúnra rẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ohun tí a ti ṣe yìí, tàbí bí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é kò bá fi àtúnṣe ààbò ránṣẹ́ mọ́. Ẹ wo ọjọ́ tí àtúnṣe ààbò tó kẹ́yìn dé. Ó wà nínú sẹ́tíńgì lábẹ́ About phone tàbí Security. Bí ó bá ti lé ní ọdún kan, ọ̀rọ̀ áàpù mẹ́rin kọ́ ló yẹ kó gbà yín lọ́kàn mọ́. Lọ́jọ́ tí ẹ bá sì tún fẹ́ ra òmíràn, ẹ béèrè iye ọdún tí wọ́n ṣèlérí àtúnṣe fún, kí ẹ sì bẹ ẹnì kan tó ti ní irú rẹ̀ pé kí ó ṣí ibi tí sẹ́tíńgì ti ń to áàpù sístẹ́ẹ̀mù, kí ẹ fojú ara yín rí ohun tí ẹ fẹ́ gbé wálé.

Àbúrò yín ṣì lè ràn yín lọ́wọ́, nítorí ó dà bí ẹni tó fẹ́ràn iṣẹ́ yìí. Ẹ jẹ́ kí ó jókòó tì yín nígbà tí ẹ bá ń ṣe Disable, kí ó mú bírò àti ìwé, kí ó kọ orúkọ áàpù kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, kí ẹ sì fi ọjọ́ méjì lo fóònù náà kí ẹ tó lọ sórí èyí tó kàn. Bí ìpè bá kọ̀ tí kò wọlé, ẹ ó mọ ẹni tí ẹ máa kọ́kọ́ jí.